Bí Wọ́n Ṣe Jí Amúnigbọ̀n Dìde, Tí Wọn Kò Pe Ọdẹ́yalé

Ẹni tó bá ní ẹ̀pà lọ́wọ́, kó máa bó o jẹ́jẹ́, kí èèpo rẹ̀ má baà pariwo bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá ń tètè bínú, kó jókòó sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń jowú, kó sún mọ́ iwájú níhìn-ín, torí tirẹ̀ gan-an ni ìtàn yìí. Ìtàn Ọdẹ́yalé ni, àgbà ọdẹ ìlú Ìdí-Arère, ọkùnrin tí iwin rí tí iwin yà fún lọ́nà, ṣùgbọ́n tí wọn ò lè yin ẹlòmíràn níṣojú rẹ̀ kí oúnjẹ má korò lẹ́nu rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ sóko, àwọn ará àdúgbò kóra jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ọdẹ́yalé. Làmídì tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe wà níbẹ̀. Àwẹ̀ró, ìyàwó Ọdẹ́yalé, jókòó ti iná, ó ń sun àgbàdo. Bàbá gun orí àpótí rẹ̀, ó wúkọ́, ó ní:

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wò mí dáadáa. Ohun tí ojú mi yìí ti rí, bí ojú tiyín bá rí i, ẹ ò ní sùn mọ́ láyé. Apá yìí ni mo fi gbá Amúnigbọ̀n mú..."

"Bàbá, apá òsì nìyẹn," Làmídì dá sí i. "Lọ́jọ́sí, apá ọ̀tún lẹ ní ẹ fi gbá a mú."

"Apá méjèèjì ni! Ẹran tí mò ń wí kì í ṣe ẹran apá kan."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ó sì bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí Ọdẹ́yalé wà ní ọ̀dọ́, àwọn onísinimá wá láti Ìlú Aṣọ-Funfun, ìlú àwọn iwin tó ń ya fíìmù, tó wà lẹ́yìn Igbó Àìbojúwẹ̀yìn. Wọ́n ń wá ọdẹ tí yóò bá Amúnigbọ̀n jà nínú àwòrán. Amúnigbọ̀n kì í ṣe ènìyàn tó wọ ẹ̀wù ẹranko o. Abàmì gidi ni. Ó ga débi pé òjò á kọ́kọ́ bà á lórí kó tó ba igi. Ojú kan wà níwájú orí rẹ̀, ìkejì wà ní ìpàkọ́. Koríko hù bo ẹ̀yìn rẹ̀, ẹyẹ a sì máa yé ẹyin síbẹ̀. Bó bá mí, ewé á wọ́ lórí igi. Gbogbo ọdẹ tí wọ́n kó wá ló sá, Ọdẹ́yalé nìkan ló dúró. Ó ki ẹran náà tọkàntọkàn, ó yìnbọn, Amúnigbọ̀n ṣubú, ilẹ̀ mì tìtì. Nígbà tí wọ́n pa ẹ̀rọ, Amúnigbọ̀n dìde, ó gbọn eruku nù lára, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ọdẹ́ mi, ọwọ́ rẹ le o. Ǹjẹ́ o ní nǹkan jíjẹ lápò?" Ọdẹ́yalé ní àgbàdo sísun kan. Ó kán an sí méjì, wọ́n jọ jẹ ẹ́.

Láti ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì di ọ̀kan. Níbikíbi tí wọ́n bá ti ta aṣọ funfun láti fi sinimá hàn, àwọn èèyàn á máa pariwo "Ọdẹ́yalé! Amúnigbọ̀n!" bí ẹni ń pe ìbejì. Wọ́n ya fíìmù míràn, wọ́n tún ya òmíràn. Lẹ́yìn náà, sinimá àtijọ́ kásẹ̀ nílẹ̀, Amúnigbọ̀n padà sínú aginjù rẹ̀, Ọdẹ́yalé padà sílé. Ó rọra ń dàgbà. Ohun kan ṣoṣo ló fi ń tu ara rẹ̀ nínú: pé títí ayé, bí wọ́n bá dárúkọ Amúnigbọ̀n, wọn ò ní dákẹ́ kí wọ́n tó dárúkọ òun.

Làmídì yìí kan náà ló da omi tútù sí i lọ́kàn. Ó ti ìdíkọ̀ dé lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ìwé ìpolówó tó já lára ògiri. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀: AMÚNIGBỌ̀N PADÀ DÉ. Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ sinimá Ìlú Aṣọ-Funfun ti ń jí gbogbo abàmì àtijọ́ dìde, wọn yóò fi wọ́n ya fíìmù tuntun, fíìmù kan yóò máa bí òmíràn, gbogbo wọn yóò sì máa bára wọn tan. Amúnigbọ̀n wà nínú àwòrán náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dúró níwájú rẹ̀, irun rẹ̀ ń dán, ó di ìbọn mú bí ẹni tí wọ́n ní kó bá wọn gbé ọmọ ọlọ́mọ.

Ọdẹ́yalé wá ojú ara rẹ̀ nínú ìwé náà. Ó wá a lápá òkè, ó wá a nísàlẹ̀, ó tún yí ẹ̀yìn ìwé náà wò. Ẹ̀yìn rẹ̀ funfun gbòò.

"Ta lèyí?" ó bi Làmídì.

"Tìmílẹ́yìn ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní òun ni ọdẹ Amúnigbọ̀n báyìí."

Ọ̀rọ̀ "báyìí" yẹn ló wọ Ọdẹ́yalé lára bí ẹ̀gún. Kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé ìbọn, ó so àpò mọ́ ìdí, ó ní òun ń lọ gba ẹran òun.

"Ẹ gbọ́, ẹ̀yin èèyàn," Bàbá sọ fún àwọn tó wà lọ́dẹ̀dẹ̀, ó na ọrùn sókè. "Igbó Àìbojúwẹ̀yìn tí mo wọ̀ yẹn, ẹ̀rù ò bà mí rárá. Mò ń súfèé lọ ni."

"Ó ń súfèé ni, ṣùgbọ́n èmi ni mo fọ ṣòkòtò tó wọ̀ dé," Àwẹ̀ró sọ láìgbójú sókè kúrò nídìí iná.

Ilé rẹ́rìn-ín títí. Ọdẹ́yalé ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ohun tó kọ́kọ́ bá pàdé nínú igbó náà ni ẹnubodè kan tí kò ní ògiri lọ́tùn-ún, tí kò ní lósì, síbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò lè yà á sílẹ̀. Iwin arúgbó kan jókòó síbẹ̀ tó fi irùngbọ̀n ara rẹ̀ so ilẹ̀kùn pa. Ó ní:

"Ọdẹ, kí n tó tú irùngbọ̀n mi fún ọ, dá mi lóhùn. Kí ni à ń pa lójoojúmọ́, tí à ń sin lójoojúmọ́, tí ilẹ̀ á tún mọ́ tí á máa béèrè oúnjẹ?"

Ọdẹ́yalé bú sẹ́rìn-ín. "Èyí ò le. Abàmì inú sinimá ni. Èmi alára ti pa ọ̀kan láìmọye ìgbà."

"O gbìyànjú," ni iwin náà wí, "ṣùgbọ́n kì í ṣe òun. Owú ni."

"Owú? Kí ló kàn mí kan owú?"

Iwin arúgbó náà tẹjú mọ́ ọn, ó wo ìwé ìpolówó tó ká mọ́ ọwọ́, èyí tó ti fi èékánná ha ojú Tìmílẹ́yìn lára rẹ̀ títí ó fi lu. Ó mi orí, ó tú irùngbọ̀n rẹ̀. "Máa kọjá, ọmọ mi. Ìwọ gbé ìdáhùn wá, o kàn ò dá a mọ̀ ni."

Lẹ́yìn ẹnubodè ni Odò Wojú-Ẹlòmíràn wà. Omi odò náà kì í fi ojú ẹni han ẹni. Ojú ẹni tí a ń bínú ire rẹ̀ ló máa ń fi hàn, ẹni tó bá sì fọwọ́ kan ojú náà, omi á máa jìn sí i lábẹ́ ẹsẹ̀. Iwin ẹnubodè ti ké sí i látẹ̀yìn pé, "Má fọwọ́ kàn án o!" Ọdẹ́yalé wọ omi, kò ju orúnkún lọ. Ó wo ìsàlẹ̀: Tìmílẹ́yìn ló ń wò ó láti inú omi, ó ń rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ funfun bí inú àgbọn. Ọdẹ́yalé gbójú kúrò. Ó tún wò ó. Tìmílẹ́yìn inú omi wá gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó ń yan fanda bí ẹni tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Kí Ọdẹ́yalé tó mọ̀, ó ti la omi náà létí pàá! Odò jìn dé ìdí. Ó tún la á. Ó jìn dé àyà. Ó bú u, ó bú bàbá rẹ̀, ó fi ìdí ìbọn gún un nímú, omi dé ọrùn, ó dé àgbọ̀n, ó ń wọ ẹnu. Ìgbà náà ló di ojú rẹ̀ pinpin, tó ń fi ẹsẹ̀ tálẹ̀ bí afọ́jú títí ó fi dé èbúté kejì. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló lajú kó tó débẹ̀, láti wò ó bóyá ọmọ yẹn ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín.

Ibi tó gúnlẹ̀ sí ni abúlé àwọn abàmì tó ń dúró de ìpè. Wọ́n tò sórí bẹ́ńṣì bí aláìsàn tó ń retí dókítà. Ọ̀kan jẹ́ òkú ọba tí wọ́n fi aṣọ wé láti orí dé ẹsẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ òkú tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ rán pọ̀, orí rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan wá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ọ̀kan jẹ́ ọkùnrin tó ń di ajá bí òṣùpá bá ti lé.

"Ẹ kú ìjókòó o," Ọdẹ́yalé kí wọn.

"Ìjókòó la jókòó sí lóòótọ́," ni òkú aláṣọ dáhùn. "Èmi ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sinimá adẹ́rùbani. Nígbà tí wọ́n wá jí orúkọ mi dìde, wọ́n gbé e fún ọmọbìnrin kan tí aṣọ rẹ̀ ò bo ìdajì ara. Wọ́n ní aṣọ tèmi pọ̀ jù."

"Tìẹ sàn," ni ẹni tí wọ́n rán pọ̀ wí. "Wọ́n ya tèmi o! Kí wọ́n tó yà á tán, wọ́n ti polówó apá kejì, ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin. Nígbà tí àwọn èèyàn ò wá wo èkíní, wọ́n ní kí n padà sórí bẹ́ńṣì. Mo ti sọ fún gbogbo ará ilé mi nípa apá kẹrin."

"Amúnigbọ̀n ńkọ́?" Ọdẹ́yalé bi wọ́n.

Gbogbo wọn yọ ṣùtì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ń di ajá tutọ́ sílẹ̀. "Ọ̀gbẹ́ni yẹn! Ó wà nínú lọ́hùn-ún. Wọ́n ń fi òróró pa á lára. Wọ́n ní wọ́n ra ìyẹ́ apá fún un. Kí ló ní tí èmi ò ní?"

Bí inú wọn ṣe bàjẹ́ tó yẹn, ó yẹ kó ká Ọdẹ́yalé lára. Rárá. Ó gbéra ga díẹ̀, ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé ẹran tòun ni wọ́n mú nínú gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà ló rántí pé kì í ṣe tòun mọ́, ó sì yára wọlé.

Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà ni iwin kan tí wọ́n ń pè ní Túnunṣe. Ó ní ẹnu mẹ́ta: ọ̀kan fún oúnjẹ, ọ̀kan fún ọ̀rọ̀, ọ̀kan fún kó máa fi kígbe "Ẹ tún un ṣe!" nìkan. Ṣùgbọ́n Ọdẹ́yalé ò tiẹ̀ rí i. Ohun tí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ lọ bá ni Amúnigbọ̀n. Wọ́n ti fá gbogbo koríko ẹ̀yìn rẹ̀, ara rẹ̀ ń dán bí mọ́tò tuntun, wọ́n so ìyẹ́ méjì mọ́ ọn léjìká. Ó jókòó lórí àpáta. Tìmílẹ́yìn jókòó tì í. Tìmílẹ́yìn kán àgbàdo sísun sí méjì, ó fún un ní ìdajì. Amúnigbọ̀n sọ nǹkan, àwọn méjèèjì sì bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin èèyàn," ni Bàbá wí lọ́dẹ̀dẹ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "mo ti jà pẹ̀lú ejò olórí méje. Mo ti sùn sínú ihò ìkookò. Kò sí èyí tó dùn mí tó àgbàdo yẹn."

Amúnigbọ̀n ló kọ́kọ́ rí i. "Ọdẹ́ mi! Ṣé ìwọ nìyí?"

"Èmi kọ́. Ọdẹ rẹ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ yẹn."

"Má sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí n wá, mo wá. Mo rò pé wọ́n ti ránṣẹ́ sí ìwọ náà."

Tìmílẹ́yìn ti dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ kú ìrìn, Bàbá. Fíìmù yín ni mo wò tí mo fi fẹ́ di òṣèré. Ẹ wá ní àsìkò tó dáa gan-an, Bàbá. Apá mi ò ká a. Ẹran ò gbọ́ tèmi."

Ká ní ọmọ náà yájú sí i ni, ìbá tù ú lára. Ìdọ̀bálẹ̀ yẹn tún wá bí i nínú ju ẹ̀rín inú omi lọ.

Òótọ́ sì ni ọmọ náà sọ. Wọ́n tan iná, wọ́n gbé kámẹ́rà. Ó yẹ kí Amúnigbọ̀n fi ìbínú jáde látinú kòtò. Ó jáde bí ẹni tó jí lójú oorun ọ̀sán tó ń wá bàtà. "Ẹ tún un ṣe!" ni ẹnu kẹta kígbe. Ó tún jáde, ó yán. "Ẹ tún un ṣe!" Ìyẹ́ kan já bọ́.

"Bàbá," Tìmílẹ́yìn sún mọ́ Ọdẹ́yalé, ó bẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, "kí lẹ máa ń sọ fún un nígbà náà lọ́hùn-ún? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi."

"Kí n kọ́ ọ? Èyí tí mo fi ọjọ́ ayé mi kọ́, kí n wá gbé e fún ọ bí ẹni gbé omi fún àlejò? Dúró síbẹ̀, di ìbọn rẹ yẹn mú, kí o wo bí àwọn ọkùnrin ṣe ń ṣe é!"

Ó fẹ́ kí ojú ti ọmọ náà níṣojú gbogbo ayé ni. Ó la ẹnu, ó gbé ìjálá:

"Amúnigbọ̀n, ọkọ aginjù,
Amí-kan kí ewé ó wọ́,
Ojú iwájú ń sùn, tìpàkọ́ ń ṣọ́nà,
Ẹyẹ yé sí i lẹ́yìn, kò yíra padà kẹ́yin má fọ́.
Òjò kí ọ kó tó kí igi,
Ilẹ̀ gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ, ó ń tọrọ àforíjì.
Dìde ńlẹ̀, ọ̀rẹ́ àyà mi,
Ìdúró ni wọ́n ń pa irú ẹ!"

Ẹ̀yin ará, ẹran náà dìde. Òróró gbẹ lára rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, koríko rú jáde lẹ́yìn rẹ̀ gbìrì, ìyẹ́ tí wọ́n rà fò lọ. Ó bú ramúramù, gbogbo abàmì orí bẹ́ńṣì lọ́hùn-ún bọ́ sílẹ̀. Ó sáré bọ̀. Ọdẹ́yalé na ọwọ́ síwájú, ó ń retí rẹ̀, omi ti lé sójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Amúnigbọ̀n yà á sílẹ̀, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó dojú kọ ẹni tó di ìbọn mú. Tìmílẹ́yìn gbọ̀n, ṣùgbọ́n kò sá. Ó yìnbọn. Amúnigbọ̀n ṣubú, ilẹ̀ mì tìtì. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹnu kẹta Túnunṣe ò rí nǹkan kan sọ. Gbogbo ilé bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́: "Tìmílẹ́yìn! Tìmílẹ́yìn!"

Ìgbà náà ni ara Ọdẹ́yalé tutù wọ̀ọ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí òfin tí wọ́n kọ́ ọ láti kékeré, èyí tí gbogbo ọdẹ Ìdí-Arère ń pa mọ́: bí ọdẹ kan bá ki ẹran nígbà tí ìbọn wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ó ti yọ̀ǹda ẹran náà fún onítọ̀hún. Kò gbọdọ̀ yìnbọn sí i mọ́ títí láé. Owú ló sáré gbé ìjálá sí i lẹ́nu kí ọgbọ́n tó dé.

Amúnigbọ̀n dìde, kò gbọn eruku. "Ọdẹ́ mi," ó ní, "o ti fi mí fún un."

"N kò mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n o ti fi mí fún un."

Túnunṣe sáré dé, inú rẹ̀ dùn. "Bàbá, ohùn yìí la ó máa lò! Ẹ ó máa dúró sẹ́yìn aṣọ, ẹ ó máa kì í fún Tìmílẹ́yìn, láti apá kejì lọ!"

"Kí n dúró sẹ́yìn aṣọ? Kí ẹnikẹ́ni má rí mi? Kí n máa ki ẹran mi fún ẹlòmíràn? Láé! Ẹ ò ní rí ẹsẹ̀ mi níbí mọ́." Ó gbé ìbọn rẹ̀, ó gba ilé lọ, kò sì dágbére fún Amúnigbọ̀n.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n gbé fíìmù náà wá sí pápá ilé-ìwé Ìdí-Arère. Ọdẹ́yalé ní òun ò ní lọ, òun ló sì kọ́kọ́ débẹ̀. Nígbà tí ìjálá náà dún, tí Amúnigbọ̀n dìde, gbogbo ìlú ké "Tìmílẹ́yìn!" Bàbá jókòó, ó ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nínú fíìmù, ó sì ń bá ohùn náà bínú, torí pé ohùn náà wà lọ́dọ̀ Amúnigbọ̀n, òun sì wà lórí àga onígi nínú eruku.

Ibi tó bá ìtàn dé nìyẹn lọ́jọ́ òjò náà, nígbà tí ẹnì kan kí wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ìránṣẹ́ Túnunṣe ni, iwin kékeré kan tí gìgísẹ̀ rẹ̀ wà níwájú, tí òjò ò sì mú ara rẹ̀ tutù. Làmídì ti wọ abẹ́ tábìlì.

"Ẹ kú ọ̀sán, Bàbá. Ọ̀gá mi kí yín. A fẹ́ bẹ̀rẹ̀ apá kejì."

"Kí ló kàn mí?"

"Kò kàn yín, Bàbá. Ọ̀gá ní kí ẹ fọkàn balẹ̀, a ò ní yọ yín lẹ́nu mọ́. A ti rí ẹlòmíràn tí yóò máa ki Amúnigbọ̀n."

Àgbàdo kan ta pàù nínú iná.

"Ta ni?" Ọdẹ́yalé bi í.

"Ọmọbìnrin kan ni láti Ìsàlẹ̀-Odò. Ohùn rẹ̀ dùn. Bó ṣe kì í lánàá, Amúnigbọ̀n sunkún."

"Ojú wo ló fi sunkún?"

"Méjèèjì, Bàbá."

"Tìpàkọ́ náà?"

"Tìpàkọ́ náà."

Ọdẹ́yalé dìde dúró. "Irọ́ ni! Tìpàkọ́ yẹn ò sunkún fún mi rí!" Ó ti ń wá fìlà, ó ti ń wá àpò, ó wọ bàtà ẹsẹ̀ kan, ó bọ́ ọ, ó tún un wọ̀.

"Bàbá," Làmídì sọ lábẹ́ tábìlì, "ṣebí ẹ ní wọn ò ní rí ẹsẹ̀ yín níbẹ̀ mọ́?"

"Ta ló ní mò ń lọ? Mo kàn fẹ́ lọ gbọ́ ohùn ọmọ náà ni, kó má baà ba ẹran olówó iyebíye jẹ́." Ó yíjú sí ìránṣẹ́. "Ẹ̀yìn aṣọ yẹn, èèyàn mélòó ló gbà?"

"Ẹnì kan péré ni."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Ọdẹ́yalé wí.

Kò kí ẹnikẹ́ni ó dàbọ̀. Ẹnu ìloro ni Àwẹ̀ró ti dá a dúró. Ó dé akẹtẹ̀ lé e lórí, ó fi ewé pọ́n àgbàdo sísun méjì, ó kì í bọ àpò rẹ̀.

"Èyí tó jiná dáadáa nìyẹn, tìẹ ni," ó ní. "Èyí tó jóná yìí, bá mi fún orogún mi olójú ìpàkọ́."